Ẹni Tó Ka Ìkòkò Tí Kò Ka Àpáàdì

“Ẹni tó ka ìkòkò tí kò ka àpáàdì, kò tíì ka nǹkan kan.” Òwe yìí kò ṣàjèjì létí àwọn ará Òkè-Amọ̀ àti abúlé tó yí i ká. Bí ọkùnrin kan bá ń fọ́nnu níbi ìpàdé ẹbí pé adìyẹ òun ti di ọgbọ̀n, àgbà kan á kàn wúkọ́ díẹ̀, á pa òwe náà, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, kí ẹ bi í pé níbo lòwe náà ti ṣẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa họ orí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí ẹ̀bi. Ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Obìnrin ló ni ìtàn náà, ìgbálẹ̀ ló sì tú àṣírí rẹ̀.

Láyé ìgbà tí ìkòkò irin kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ìkòkò amọ̀ la fi ń pọnmi, òun la fi ń sebẹ̀, òun la fi ń tọ́jú epo. Òkè-Amọ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń wá rà á. Níbẹ̀ ni amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Wọn kò bí i síbẹ̀, ìyàwó tí wọ́n gbé wá ni. Akínṣọlá ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ igbà já mọ́ ọn lórí ọ̀pẹ, ó ṣubú, itan rẹ̀ kán, kò sì jinná bó ṣe yẹ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ Àwẹ̀ró ni ilé ń wò. Bí kò bá mọ ìkòkò, iná kì í jó nídìí ààrò wọn.

Ebu ni wọ́n ń pe pápá tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ti ń sun ún. Olúkúlùkù ló ní ojú iná tirẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń dáná. Bí iná bá kú tí eérú bá tutù, oníkálukú á gbé ìkòkò rẹ̀ tó yè jáde, á tò wọ́n síwájú Ìyá Ebu, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí wọn, ìyẹn á sì kà wọ́n sókè ketekete. Èyí tó fọ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní a kì í ka ohun tó fọ́. Àánú ni wọ́n fi ṣe èèwọ̀ yìí o. Obìnrin tó ti fi orí ṣe, tó ti fi ọrùn ṣe lórí amọ̀, tí iná wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún dúró tì í kó máa ka òfò sí i létí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé iye tó yè yìí náà ni wọ́n fi ń pín amọ̀. Kòtò amọ̀ kan ṣoṣo ló wà, létí odò. Ẹni tó bá mú ìkòkò púpọ̀ jáde, amọ̀ púpọ̀ ni wọ́n á wọ̀n fún un. Ẹni tó bá mú díẹ̀ jáde, díẹ̀ náà ni tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tí wọ́n fún ní díẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mú púpọ̀ jáde? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwẹ̀ró tó jẹ́ pé ẹ̀yìn gbogbo wọn ló dé, agbọ̀n amọ̀ tirẹ̀ kò kún rí.

Ìbídùn, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni tirẹ̀ máa ń kún jù. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Ìbídùn ní gbogbo ebu. Kí Àwẹ̀ró tó fa ẹnu ìkòkò kan yọ, Ìbídùn á ti mọ mẹ́ta, á sì tún ti dá àpárá méjì láàárín. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń dúró de nǹkan ni. Ó lè mọ ìkòkò lówùúrọ̀ kó sá a sínú oòrùn gangan, kó má tíì gbẹ dénú tí yóò ti máa wá igi ìdáná. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀, nítorí pé amọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, kò lè fi ṣòfò. Abẹ́ ibòòji ló ń gbẹ ìkòkò rẹ̀ sí, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n, á máa yí wọn padà bí ẹni ń yí ọmọ àrọ́bọ́ lórí ẹní. Bí ọjọ́ iná bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á kọ́kọ́ fi èéfín yá wọn lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ìkòkò ló ń mọ ni àbí ó ń tọ́jú abiyamọ.

Ọdún kan dé tí ọkọ́ àwọn tó ń wa amọ̀ kan àpáta. Wọ́n wa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àpáta. Wọ́n wa ẹ̀gbẹ́ òsì, àpáta. Amọ̀ tó kù kò lè tó gbogbo wọn mọ́. Àwọn obìnrin ebu jókòó, wọ́n ní bí wọ́n bá ti dáná tó ń bọ̀ yìí, ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá kéré jù yóò fi ebu sílẹ̀, kí amọ̀ lè kárí àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó wo ojú Àwẹ̀ró nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Òun náà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ iná pé. Ìyá Ebu ka ti Ìbídùn, ó jẹ́ méjìléláàádọ́rin. Àwọn obìnrin kí i kú orí ire, ó ní a dúpẹ́. Ó ka ti àwọn yòókù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì. Kò sí ẹni tí tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Itan ọkọ rẹ̀ ló sọ sí Àwẹ̀ró lọ́kàn, àti ààrò ilé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi,” ó dìde, ó sì lọ sílé.

Àṣà kan wà ní Òkè-Amọ̀ pé obìnrin tó bá fẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbá gbogbo ebu, ojú iná kan tẹ̀ lé òmíràn, kó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ tó bọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe é kẹ́yìn, nítorí arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ ló sábà máa ń kúrò níbẹ̀, ìgbálẹ̀ kò sì bá ẹ̀yìn títẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Akínṣọlá rí ìyàwó rẹ̀ tó ń mú ìgbálẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Àwẹ̀ró, jókòó,” ni ó wí. “Àwọn tó lé ọ, jẹ́ kí wọ́n gbá ebu wọn fúnra wọn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀,” ni Àwẹ̀ró dáhùn. “Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín ti kán, ilẹ̀ yẹn ló ń bọ́ wa. Bí èèyàn tilẹ̀ lé mi, ilẹ̀ kò lé mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Akínṣọlá na ọwọ́, ó bá a tún okùn ìgbálẹ̀ náà dì.

Bó ṣe ń gbá ilẹ̀ náà lọ, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ọkàn rẹ̀ sì kún fún ọpẹ́, àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀. Níbi yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ hàn án. Níbi igi àràbà yẹn ni Ìbídùn ti jókòó tì í ní ọjọ́ tí ìkòkò rẹ̀ àkọ́kọ́ wó, tó fa kùùkù àgbàdo lé e lọ́wọ́ tó ní, “Fi yí i nínú jẹ́jẹ́, má tì í, òun náà á gbà fún ọ.” Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, ì bá ti padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà náà. Ó ń dúpẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń gbá a. Nítorí pé ó fẹ́ gbá a mọ́ tónítóní, kò da àpáàdì pọ̀. Ti ojú iná kọ̀ọ̀kan ló gbá jọ síbẹ̀, tí òkìtì rẹ̀ dúró lọ́tọ̀. Ṣé ẹ rí i, látijọ́ tí ebu ti wà, inú eérú ni àpáàdì máa ń wà káàkiri títí òjò yóò fi wọ́ ọ lọ kí wọ́n tó dáná mìíràn. Kò sẹ́ni tó rí i lójú kan rí.

Ìyá Ebu tọ̀pá dé láti wá súre fún un. Ó ti la ẹnu àdúrà kí ojú rẹ̀ tó balẹ̀ sórí àwọn òkìtì náà. Ó fi ọ̀pá kan èyí tó tóbi jù.

“Àwẹ̀ró, òkìtì ta nìyí?”

“Ti ìyálé mi ni, Ìyá.”

“Tìrẹ ńkọ́?”

Àwẹ̀ró fi ìgbálẹ̀ júwe ìwọ̀nba kan tí adìyẹ kan lè fẹsẹ̀ tú ká. Ìyá Ebu wo ọ̀kan, ó wo èkejì. “Ṣé o ti kó lára tìrẹ dànù ni?”

“Rárá, Ìyá. Gbogbo èyí tó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.”

Ìyá arúgbó náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ wá àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdí ìkòkò láàárín àpáàdì. Ẹni tó bá ti sun ìkòkò rí mọ̀ pé ó lè fọ́ yángá, àmọ́ ìdí rẹ̀ kì í sábà fọ́, nítorí ibẹ̀ ló nípọn jù. Ìkòkò kan kò sì ní ìdí méjì. Bí Àwẹ̀ró ṣe rí ohun tó ń ṣe, ẹ̀rù bà á. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í ka ohun tó fọ́.”

“Mo ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó bí ọ,” ni Ìyá Ebu fèsì. “Lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá.”

Nígbà tí wọ́n pé, kò fọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, “Àwọn ìyá wa ló ní ká má ka ohun tó fọ́. Ìtùnú ni wọ́n fi ṣe. Wọn kò ṣe é pé ká máa fi lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ̀bi bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, orí tèmi ni kó wà.”

Ìbídùn kúnlẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ má bínú. Méjìléláàádọ́rin ni mo mú jáde níṣojú yín. Mẹ́rìndínlógójì ni ti Àwẹ̀ró. Ìlọ́po méjì tirẹ̀ géẹ́ ni tèmi. Kí la tún fẹ́ kà?”

“Nínú mélòó?” ni Ìyá Ebu bi í.

Ìbídùn wo òkìtì rẹ̀. Òun ló mọ gbogbo wọn, òun ló kó wọn sínú iná, síbẹ̀ kò mọ̀. Kò ṣe é mọ̀, nítorí kò kà wọ́n rí.

Ìyá Ebu ní kí wọ́n kà á fún un. Ìdí ìkòkò méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n rí nínú òkìtì Ìbídùn. Wọ́n fi í kún èyí tó yè, ó di ọgọ́fà. Nínú òkìtì Àwẹ̀ró, ìdí mẹ́rin péré ni wọ́n rí, àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ogójì. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé púpọ̀ nínú wọn, nítorí ọgọ́fà ju ogójì lọ fíìfíì, ẹnìkan sì ti ń kùn pé ẹni tó ṣe púpọ̀ náà ló máa fọ́ púpọ̀. Ìyá Ebu kò bínú. Ó ní kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ogún-ogún, èyí tó yè àti ìdí èyí tó fọ́, kí wọ́n pín in dọ́gba sórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìlà mẹ́fà ni ti Ìbídùn. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, méjìlá yè, mẹ́jọ fọ́. Ìlà méjì ni ti Àwẹ̀ró. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, méjìdínlógún yè, méjì fọ́. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé mọ́. Ojú lásán ti rí i.

Ìyá Ebu fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kìíní. “Ogún lọ́nà márùn-ún ló ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Bí mo bá wọn amọ̀ ọgọ́rùn-ún ìkòkò fún Ìbídùn, ọgọ́ta ló máa mú bọ̀ fún mi, ogójì á di àpáàdì. Bí mo bá wọn ọgọ́rùn-ún fún Àwẹ̀ró, àádọ́rùn-ún á yè, mẹ́wàá ni iná máa gbà. Amọ̀ sì ti ń tán, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta lẹ ní kó fi ebu sílẹ̀?”

Obìnrin kan tó ti ń fi ìka ṣírò láti ẹ̀yìn wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí Àwẹ̀ró bá rí amọ̀ ọgọ́fà gbà bíi ti Ìbídùn, méjìdínláàádọ́fà ni ì bá mú jáde. Gbogbo ojú wá yí sí Ìbídùn. Ẹ mọ báwọn èèyàn ṣe rí, ẹnu tó kí i kú orí ire lánàá ló ti ń wí lábẹ́lẹ̀ pé ẹ ò rí i, òun ló ń ba amọ̀ jẹ́, òun ló yẹ kó lọ.

Ìbídùn alára kò gbọ́ wọn. Ó ti kúnlẹ̀ ti ìdí ìkòkò méjìdínláàádọ́ta náà, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “N kò mọ̀ pé wọ́n tó báyìí,” ni ohun tó sọ. Omi ti lé sí i lójú. Láti ọdún tí wọ́n ti ń tù ú nínú, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó rí ohun tó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálé rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ ti gbà mí. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé ìyálé mi, kí n máa bá ìgbálẹ̀ mi lọ ló kù. Àwọn ló kọ́ mi tí mo fi mọ ìkòkò. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ wọn, gbígbẹ ni ìkòkò wọn kì í gbẹ dénú. Ẹ jẹ́ ká jọ máa gbẹ ẹ́. Àpáàdì tẹ́ ẹ sì ń wò yìí, kì í ṣe ohun ìdànù. Mo máa ń gún un, mo ń sẹ́ ẹ, mo sì ń pò ó mọ́ amọ̀ mi. Ó ń mú kí amọ̀ mi pọ̀ sí i, kì í sì í jẹ́ kí iná rí i fọ́. Bí a bá gún gbogbo òkìtì tó wà níbí, amọ̀ tó kù lè kárí wa.”

Ìyá Ebu ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣolórí, àwọn tó ń mú ìkòkò jáde lòun ti ń kí, òun kò kí ẹni tí kò jẹ́ kí ìkòkò fọ́ rí. Ó kí Àwẹ̀ró níṣojú gbogbo wọn, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó tó bí ìbejì. Wọn kò lé ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìdá tó yè pín amọ̀, tí wọn kò fi iye rẹ̀ nìkan pín in mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná jó nídìí ààrò Akínṣọlá.

Nígbà tí wọ́n tún máa dáná, ọgọ́ta ìkòkò ni Ìbídùn kó sínú iná, kò kánjú, abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn ti gbẹ. Mọ́kànléláàádọ́ta yè. Oníbàárà kan tó ti máa ń bá a rajà dé, ó rí ìkòkò tó tò sílẹ̀, ó ní, “Ìbídùn, kí ló dé tí tìrẹ kéré lọ́tẹ̀ yìí? Ìwọ tó máa ń lé ní àádọ́rin.”

Ìbídùn rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ojú iná rẹ̀, ó fi ìdí mẹ́sàn-án hàn án. “Nínú ogún, mẹ́tàdínlógún ló yè fún mi báyìí, méjìlá ló máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ka ìkòkò tí kò ka àpáàdì, kò tíì ka nǹkan kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ilé wa tó gbá ilẹ̀ mi.” Ó mú ìkòkò tó rẹwà jù nínú gbogbo rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ilé Akínṣọlá.

Ẹnu Ìbídùn ni òwe náà ti jáde, ẹnu rẹ̀ náà ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa á bí ẹnìkan bá ń fi iye tó yè yangàn tí kò sọ iye tó fi bẹ̀rẹ̀: bí olùkọ́ bá ní ọgbọ̀n ọmọ yege lọ́dọ̀ òun, tí kò sọ pé ọgọ́rùn-ún ló jókòó ṣe ìdánwò, bí elégbòogi bá ń ka àwọn tó wò sàn, tí kò ka àwọn tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń pa á fún ẹni tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tó wá ń kárí sọ bíi pé Ọlọ́run kò ṣe é lóore. Wọ́n á ní kó má wo mẹ́rìndínlógójì tirẹ̀ mọ́ méjìléláàádọ́rin ẹlòmíràn, kó lọ gbá ẹ̀yìn ojú iná rẹ̀ wò. Bó bá rí i pé ìdí mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́.